Ẹ gbà mí o! Kí ló ń pa adìyẹ mi lóru?

Ìyá Tóbi, 6:12 àárọ̀
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mẹ́ta ló kú lóru àná mọ́jú òní. Àwọn adìyẹ Noiler mi tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni o. Mo ti kéèjì pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo lè rà tàbí kí n ṣe kí ilẹ̀ òní tó ṣú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Alákéèjì Mọ́níyà, 6:20
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Tóbi. Apá ibo lẹ wà? Ṣé ẹ bá òkú wọn nílẹ̀ àbí wọ́n pòórá? Orí ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti fara pa ni a ó fi mọ ẹni tó wá.

Bọ̀dá Ṣọlá, 6:31
Ejò ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi ti kún inú ihò wọn, àdúgbò ni wọ́n ń sá wá. Ẹ wọ́n Izal yíká kéèjì, kí ẹ gún aáyù mọ́ ọn.

Ọmọ Ọdẹ, 6:44
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn ná. Ejò kì í sábà pa mẹ́ta kó fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Bí òjòlá bá gbé odidi adìyẹ mì, ikùn rẹ̀ á wú débi pé ihò tó gbà wọlé lè má gbà á jáde mọ́. Ẹ lè jí bá a níbẹ̀ tó ká jọ. Bí adìyẹ náà bá sì tóbi jù fún un, á pọ̀ ọ́ sílẹ̀: ẹ ó rí i pé orí àti ọrùn tutù, ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ara. Itọ́ ejò nìyẹn. Ti Izal, òjò kan péré ti fọ̀ ọ́ dànù.

Màmá Àkóbọ̀, 7:05
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi ejò sílẹ̀. Ìjàlọ ni kí ẹ bẹ̀rù. Lọ́dún tó kọjá, mo ra òròmọdìyẹ 41. Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òjò rọ̀ di aago méjì òru, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ké, mo ní òtútù ló ń mú wọn, mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì padà. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì wọbẹ̀ ní ìdájí, ilẹ̀ kéèjì dúdú, ilẹ̀ náà sì ń rìn. Ìjàlọ wà lójú wọn, nínú imú wọn, lábẹ́ ìyẹ́ wọn. Mo gbé ọ̀kan tó ṣì ń mí, kí n tó mọ̀, wọ́n ti gùn mí dé èjìká. Mo ń já wọn kúrò, ara wọn ń já, ẹnu wọn kò tú lára mi. Nínú 41, méjì ló yè, àwọn méjèèjì sì fọ́jú. Títí dòní, mi ò tíì lè ra òmíràn. Ẹ̀yin tí kéèjì yín jókòó sórí ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹsẹ̀ sí i.

Bàbá Ìbejì, 7:11
Háà, màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Eérú ni oògùn wọn. Ẹ bu eérú gbígbẹ yí kéèjì ká, ìjàlọ ò ní kọjá.

Alákéèjì Mọ́níyà, 7:19
Bàbá, ìgbà òjò gan-an ni ìjàlọ ń jáde. Eérú tí òjò bá ti pa, ẹrẹ̀ lásán ni. Ẹ ki ẹsẹ̀ kéèjì bọ inú agolo, kí ẹ da ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù sínú rẹ̀. Ẹ má lo kẹrosíìnì, kíá ló máa fẹ́ lọ. Kí kéèjì má sì fara kan ògiri tàbí ewéko kankan, wọ́n á fi ṣe afárá.

Bàbá Ìbejì, 7:26
Ogún ọdún ni ìyá mi fi sin adìyẹ, eérú náà ni wọ́n ń lò, n kò rí ọjọ́ tí ìjàlọ mú ẹyọ kan.

Alákéèjì Mọ́níyà, 7:30
Orí igi ni adìyẹ ìbílẹ̀ ìyá yín ń wọ̀ sí, bàbá. Noiler wúwo, ilẹ̀ ló sábà máa ń sùn. Ohunkóhun tó bá ń rìn nílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá a.

Aya Pásítọ̀, 8:02
Ẹ fún wọn ní àjẹsára Lasota o. Àìsàn lùkúlùkú ń jà káàkiri báyìí.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, 8:40
Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ojú títì ló ń gbà kọjá bí ènìyàn. Lóru ọjọ́ kan ó pa 5, ẹyọ kan ló gbé lọ. Mo ra ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo sì tẹ́ wáyà sílẹ̀ láti ìdí kéèjì síta, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, mo fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ibi tó bá ti fẹ́ gbẹ́lẹ̀, wáyà ló ń bá pàdé.

Ìyá Kéhìndé, 9:15
Ẹ jọ̀ọ́, àwòdì ló ń gbé tèmi, lọ́sàn-án gangan!

Màmá Àkóbọ̀, 9:22
Fi aró pupa tàbí aláwọ̀ ewé kun àwọn òròmọ náà lára, ọmọ mi. Ojú àwòdì lè má mọ̀ wọ́n mọ́. Kí o sì wá awó méjì sáàárín wọn, bí nǹkan bá fò kọjá lókè, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ igbe wọn.

Ìyá Tóbi, 11:48
Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. Olódó n'Íbàdàn ni mo wà. Mo bá òkú méjì lẹ́bàá wáyà, kò sí orí, ọrùn ti já jálajàla, àmọ́ ara wọn pé. Ẹ̀kẹta, mi ò rí i rárá, ìyẹ́ rẹ̀ ló wà lórí fẹ́ǹsì. Ilé tí wọn ò kọ́ parí wà lẹ́yìn wa, igbó ti bò ó.

Ọmọ Ọdẹ, 12:03
Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Kì í ṣe ejò, kì í ṣe ìjàlọ, kì í ṣe àìsàn. Àwọn méjì yẹn sùn ti wáyà. Ohun tó wá di orí wọn mú láti ìta, ara kò sì gba ojú wáyà kọjá, ló bá jẹ ìwọ̀n tó rí fà. Ẹ̀kẹta, ó wọlé mú un ni. Ẹ wo àárín páànù àti ògiri: ihò tó bá gba ìkúùkù yín, ó gba orí ológbò, ibi tí orí rẹ̀ bá sì ti gbà, ara rẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ológbò ìgboro tàbí ìjàkùmọ̀ ni mo fura sí. Ó lè jẹ́ ẹtà. Ẹ wo ilẹ̀: ẹsẹ̀ ológbò rí roboto, èékánná rẹ̀ kì í hàn. Ti ajá àti ti ẹtà ń hàn. Ojú kan náà ni ẹtà sì máa ń ṣu sí, ẹ ó rí kóró èso àti irun nínú rẹ̀.

Alákéèjì Mọ́níyà, 12:10
Wáyà oníhò fẹ̀ǹfẹ̀ yẹn, adìyẹ ló ń dá dúró, kì í dá ẹranko dúró. Ẹ ra èyí tí àtàǹpàkò yín kò gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí kò bá sí owó rẹ̀, ẹ ra pákó ní Bódìjà, kí ẹ kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ kéèjì títí dé orókún yín, kí ẹ sì gbé igi tí wọ́n á máa wọ̀ sí sáàárín gbùngbùn.

Bọ̀dá Ṣọlá, 12:25
Ẹ fi ọ̀tapíápíá sínú ẹran, ẹ jù ú sẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ó parí.

Ọmọ Ọdẹ, 12:27
Ẹ má ṣe é rárá! Ajá aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ọmọdé ń ṣeré nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Eku tó bá jẹ ẹ́ kú, adìyẹ yín á ṣá a jẹ, ẹ̀yin náà á wá jẹ adìyẹ.

Ìyá Tóbi, 6:51 ìrọ̀lẹ́
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ihò wà lábẹ́ páànù lóòótọ́, ọwọ́ mi wọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Owó wáyà àti pákó kò sí lóṣù yìí. Mo ti kó 9 tó kù sínú balùwẹ̀ àtijọ́ lẹ́yìn ilé, mo fi búlọ́ọ̀kù dí ojú ihò omi. Àwọn àkùkọ mẹ́rin, alápatà á wá kó wọn lọ́jọ́ Sátidé. Mo sì ti bu eérú síwájú ilẹ̀kùn bí Bàbá Ìbejì ṣe wí, nítorí ọ̀rọ̀ Màmá Àkóbọ̀ kò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀.

Ọmọ Ọdẹ, 7:04
Ẹ tẹ́ eérú náà pẹlẹbẹ, kó rí fẹ́lẹ́. Ẹ má gbá a láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Ìyá Tóbi, 6:08 àárọ̀ ọjọ́ kejì
9 pé! Ẹsẹ̀ wà lórí eérú, ó rí roboto, mi ò rí èékánná. Ó yí ilẹ̀kùn ká lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá Àkóbọ̀, 6:15
Ọpẹ́ o. Bí òjò bá rọ̀ lóru, dìde lọ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí búlọ́ọ̀kù yẹn.