Ṣé ká san owó tí kicker wa ń béèrè?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kékeré kan níbí ní Texas. Kicker wa, ìyẹn ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún wa, ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ó sì ní ká fi kún owó òun. Tí kò bá ti ju yáàdì 40 lọ, ọkàn wa balẹ̀: á fẹsẹ̀ wọnlẹ̀ sẹ́yìn, á mí kanlẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì gba àárín òpó kọjá. Tó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, kì í sábà débẹ̀ mọ́.

A bẹ̀ ẹ́ kó gba iye ti tẹ́lẹ̀, ó kọ̀. A dán ọ̀dọ́ kan wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ máa ń já tí ariwo bá pọ̀. Mo rántí Adam Vinatieri, kicker olókìkí kan: ẹgbẹ́ New England jẹ́ kó lọ ní 2006, ó sì gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Colts ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, Stephen Gostkowski tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ṣe bẹbẹ.

Owó yìí náà la fẹ́ fi ra akoto tuntun, orí ọmọ ọlọ́mọ kò sì ṣeé fi ṣeré. Ẹ má bínú pé ó gùn. Ṣé ká san án, àbí ká jẹ́ kó lọ? Mo dúpẹ́ ṣáájú.