Ẹni márùn-ún, ẹnu márùn-ún, gáàsì kan: kí la lè máa sè?

Ará Ṣábọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà alásè. Àwa márùn-ún la jọ ń gbé fúlátì kan lẹ́bàá Ṣábọ̀ n'Ìkòròdú níbí, a sì ti fẹnu kò pé ká máa dáná pọ̀ lálaalẹ́ torí owó gáàsì. Ibi tó ti ń lọ́ pọ̀ nìyí: ẹnì kan ní ọgbẹ́ inú, ata rodo kò gbọdọ̀ kàn án lọ́fun. Ẹnì kan kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, àmọ́ ó ń jẹ ẹyin àti wàrà. Ẹ̀kẹta, tó bá ti fẹnu kan edé, ètè rẹ̀ á wú, ara á máa yún un. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ọmọ ìjọ Adventist, ẹja tí kò bá nípẹ́, kò ní jẹ ẹ́. Ẹ̀karùn-ún ní tirẹ̀, bí ata ò bá mú kó làágùn, kò tíì jẹun.

Gáàsì olójú méjì la ní, ìkòkò ńlá méjì, kékeré kan, fíríìjì kékeré. Iná ọba ń lọ bó ṣe wù ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí kálukú máa se tirẹ̀. Ìyẹn la ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí gáàsì kì í fi í pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Alásè

Àbúrò mi, ẹ má se ọbẹ̀ márùn-ún, ẹ má sì se ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ din ata kan tí kò ní ohunkóhun tí ẹnì kankan nínú yín kì í jẹ, kẹ́ ẹ wá pín in. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni pé èèyàn á lọ rodo mọ́ tàtàṣé láti ọjà. Rodo tó ti wọnú ọbẹ̀ kò ṣeé yọ mọ́. Omi tẹ́ ẹ bá bù sí i, ọbẹ̀ ló máa là, ata á ṣì máa ta.

Èyí tí ẹni márùn-ún máa jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: tàtàṣé ńlá 12, tòmátò bí 20, àlùbọ́sà ńlá 4. Ẹ la tàtàṣé, kẹ́ ẹ yọ kóró àti fọ́nrán funfun tó gbé kóró dúró, torí inú funfun yẹn ni títa ata máa ń wà jù. Ẹ má fi ṣọ̀ńbọ̀ sí i, òun náà ń ta. Ẹ lọ àlùbọ́sà méjì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ rẹ́ méjì yòókù sílẹ̀.

Ẹ da ata lílọ̀ sínú ìkòkò láìfi epo sí i, kẹ́ ẹ ṣí i sílẹ̀, kó máa hó fún ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò tí ìlà náà dúró díẹ̀ kó tó pa dé, omi ti gbẹ nìyẹn. Ẹ wá gbé òróró ìdajì lítà kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà rírẹ́. Tí etí àlùbọ́sà bá ti ń pọ́n, ẹ da ata náà sí i, kẹ́ ẹ dín iná kù, kẹ́ ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ẹ máa fetí sí i. Níbẹ̀rẹ̀ ó máa ń ta pàràpàrà; tó bá ti ń dún ṣìì-ṣìì jẹ́jẹ́, tí òróró sì ti yọ sókè, ó ti dín. Ata tí omi kù nínú rẹ̀ ló máa ń kan lẹ́nu, òun náà ló sì ń tètè bà jẹ́. Iyọ̀ ṣíbí tíì méjì tó, torí ẹran á tún mú iyọ̀ tirẹ̀ wá. Kẹ́ ẹ sì ka ẹ̀yìn máàgì kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ sí i. Òmíràn ní lúbúlúbú ẹran tàbí edé nínú.

Rodo ní ìkòkò tirẹ̀. Ẹ lọ rodo 15 pẹ̀lú àlùbọ́sà kan, kẹ́ ẹ din ín nínú òróró 150ml lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Ẹ ṣí fèrèsé o, kó má lé yín jáde. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, kí òróró bo ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e sí fíríìjì. Ṣíbí tíì kan ni ẹni tó bá fẹ́ ata máa bù sí àwo rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún yín yẹn lè bu mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa bá a jà.

Tó bá wá di alẹ́, ti ẹni tí kì í jẹ ẹran lẹ máa kọ́kọ́ bù sọ́tọ̀, sínú ìkòkò kékeré. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹran bíbọ̀ tàbí ẹja yóò wọ èyí tó kù, pẹ̀lú omi ẹran ṣíbí ọbẹ̀ méjì, kó hó fún ìṣẹ́jú 10. Edé ní tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó bù ú sí àwo ara rẹ̀.

Ẹ sọ fún olọ́gbẹ́ inú yín pé ata kọ́ ló dá a sílẹ̀ o. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori, àti oògùn ara-ríro bí aspirin àti ibuprofen, ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. Ata kàn máa ń ta ojú egbò tó ti wà níbẹ̀ ni. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò yẹn, torí ó ní oògùn.

Ẹlẹ́ja Èbúté

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Alásè. Gbogbo ẹ̀ ló jóòótọ́, àfi ti edé yẹn. Ẹ má jẹ́ kó wọnú ilé yín rárá. Ẹni tí ètè rẹ̀ ń wú lónìí, ọ̀fun rẹ̀ lè dí lọ́la. Ohun tó ń bá a jà nínú edé, iná kì í pa á. Bó ti wù kẹ́ ẹ sè é tó, ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣíbí tẹ́ ẹ fi bu ọbẹ̀ elédé, tẹ́ ẹ tún wá tì bọ ọbẹ̀ tirẹ̀, ti tó. Ooru edé tó ń hó lórí iná gan-an lè dà á láàmú. Akàn náà, bákan náà ni wọ́n rí, kẹ́ ẹ má ṣe fi í rọ́pò.

Ibi téèyàn kì í fura sí ni ẹ̀rọ ìlọǹkan gbígbẹ lọ́jà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ edé ẹlòmíì láàárọ̀ ni wọ́n fi ń lọ ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ yín lọ́sàn-án. Ẹ ra ẹ̀gúsí odidi, kẹ́ ẹ fi blender ilé lọ̀ ọ́. Ẹja yíyan tí wọ́n pàtẹ lórí atẹ kan náà pẹ̀lú edé, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì; ká sòótọ́, ẹ kúkú ra ẹja tútù, kẹ́ ẹ din ín fúnra yín. Irú wooro náà, ẹ ṣàn án, torí ọwọ́ tí ìyá onírú fi bu edé ló fi bù ú. Bí èèmọ̀ bá ṣì ṣẹlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.

Ti Adventist kò le. Òbòkún àti àrọ̀ kò nípẹ́, wọ́n ti bọ́ síta nìyẹn, edé àti akàn náà. Ẹpìyà, Titus, kòtè, ṣáwá, gbogbo wọn nípẹ́. Ẹja yíyan tí wọ́n ká ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu tó rí roboto yẹn, àrọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹpìyà lẹ̀ ń rà fún gbogbo ilé, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sí ìdí láti máa ya ẹja sọ́tọ̀.

Ẹ má sì fi òróró tẹ́ ẹ fi din ẹja din dòdò. Dòdò ni kó kọ́kọ́ wọ òróró, ẹyin lẹ́yìn rẹ̀, ẹja níkẹyìn. Òróró kan náà ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sẹ́ni tó jẹ ohun tí kì í jẹ.

Ará Ṣábọ̀

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Alásè. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́ja, a ti kó edé dà nù. Ìbéèrè kékeré méjì ló kù: lọ́jọ́ tí ìrẹsì àti ọbẹ̀ bá sú wa ńkọ́? Kí sì ni ẹni tí kì í jẹ ẹran máa fi jẹun tí kò ní jẹ́ pé ẹyin, ẹyin, ẹyin?

Ọmọ Aláta

Mọ́ínmọ́ín ni. Kò sí oúnjẹ tó rọrùn láti pín tó o, torí ewé kọ̀ọ̀kan ni ìkòkò tirẹ̀.

Agolo mílíkì mẹ́rin ẹ̀wà á fún yín ní bí ewé 12. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìṣẹ́jú 15 péré kẹ́ ẹ tó bó o. Tó bá pẹ́ jù, á rọ̀, á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, èèpo á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn bíbó lẹ máa tún un rẹ fún wákàtí kan sí méjì, kó lè kúnná. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé 4 àti àlùbọ́sà ńlá kan. Omi 750ml ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ fi lọ̀ ọ́. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Òróró 150ml, iyọ̀ ṣíbí tíì méjì. Kẹ́ ẹ wá fi ṣíbí igi pò ó gidigidi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí, wọ́n á wá máa dá ẹ̀wà lẹ́bi pé ó le. Tẹ́ ẹ bá gbé ṣíbí sókè, kó máa ṣàn bọ̀ bí ẹ̀kọ mímu tó ki. Tó bá ṣàn bí omi, ẹ̀wà á rọ̀ sísàlẹ̀ ewé, omi á wà lókè. Tó bá lẹ̀ mọ́ ṣíbí, ẹ bu omi díẹ̀ sí i.

Ẹ ká ewé eéran bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa. Ibẹ̀ ló ti ń jò. Ti ẹni tí kì í jẹ ẹran lẹ máa kọ́kọ́ pọ́n, kí ẹja tó dé orí tábìlì rárá. Ẹ fi wàrà Fúlàní gígé sí i, èyí tí wọ́n fi oje ewé bọmubọmu mú kó dì, tó jẹ́ pé wàrà màlúù àti ewé nìkan ló wà níbẹ̀. Wàrà yẹn náà, tẹ́ ẹ bá bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ kẹ́ ẹ tó din ín, á dúró bí ẹran nínú ọbẹ̀, kò ní fọ́. Wàrà sóyà àti olú náà wà fún un. Lẹ́yìn ti ẹni yẹn, kí Titus bíbọ̀ wọ ti àwọn tó kù, kí ti ẹ̀karùn-ún sì gba ṣíbí rodo díndín méjì.

Ẹ sàmì sí wọn o! Ewé tó bá ti jinná, bákan náà ni gbogbo wọn máa ń rí. Okùn òwú pupa fún ti oníwàrà, kẹ́ ẹ gé etí ewé ti aláta.

Ẹ to ẹsẹ̀ ewé sí ìdí ìkòkò, omi ife méjì, kó ti máa hó kẹ́ ẹ tó to mọ́ínmọ́ín sí i. Ti ẹlẹ́ja nísàlẹ̀, ti oníwàrà lókè pátápátá, torí ewé tó bá jò, ìsàlẹ̀ lomi rẹ̀ ń kán sí. Ìṣẹ́jú 50 sí 60. Tí omi bá ń gbẹ, gbígbóná lẹ máa bù sí i, láti ẹ̀gbẹ́. Omi tútù á pa ooru, mọ́ínmọ́ín á wá jinná lápá kan, kó rọ̀ lápá kejì. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó dì kẹ́ ẹ tó tú u.

Bàbá Ewùrà

Ẹ wà n'Ìkòròdú, ẹ ò dárúkọ ìkòkorẹ́? Ewùrà kílò méjì, ẹ fi epo pa ọwọ́ kó má yún yín, kẹ́ ẹ rin ín. Ẹ má bu omi sí i. Ẹ gbé omi lítà kan kaná pẹ̀lú tàtàṣé lílọ̀ ife méjì, epo pupa 200ml, irú ṣíbí ìjẹun mẹ́ta (irú náà ló máa ṣe iṣẹ́ tí ẹja ò sí láti ṣe), iyọ̀. Tó bá ti ń hó, ẹ máa fọwọ́ já ewùrà sí i, kẹ́ ẹ dín iná kù, kẹ́ ẹ dé e. Ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó bá kánjú rò ó, ọbẹ̀ lásán ló máa bù jẹ, kì í ṣe ìkòkorẹ́. Tó bá ti dì ni kẹ́ ẹ pín in, kí ẹpìyà yíyan wọ ìkòkò kejì. Àwọn Ìjẹ̀bú á ní èyí tí kò lẹ́ja kì í ṣe ìkòkorẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ọ̀rọ̀ owó: ata, epo, ewùrà, gáàsì, ẹ pín in sí márùn-ún. Ẹran, kí àwọn tó ń jẹ ẹ́ san án. Ibi tí ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe nínú ata.

Ìyá Alásè

Ti iná ọba tẹ́ ẹ sọ lókè: ẹ má gbé gbogbo ata díndín yẹn sínú abọ́ ńlá kan. Ẹ pín in sí abọ́ mẹ́ta tó lómòrí, èyí tẹ́ ẹ máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí iná bá lọ di ọjọ́ kejì, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ hó láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má sì fi ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ̀ ọ́. Ìrẹsì ní tirẹ̀, èyí tó bá sun ìta mọ́jú, ẹ dà á nù. Májèlé tó máa ń wọ̀ ọ́, gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kì í mú un kúrò. Agolo kan fún ẹni kan ti tó, tẹ́ ẹ bá sè é kó tó jù bẹ́ẹ̀, aláta yẹn ni kẹ́ ẹ fún ní èyí tó kù.