Kí ni kí n ṣe tí pretzel ò fi ní máa rọ̀ nínú àpótí oúnjẹ ọmọ?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọlọ́mọ. Houston la wà. Ilé ìwé àwọn ọmọ mi ò gba ohunkóhun tó bá ní ẹ̀pà nínú, ni mo bá sá di wàràkàṣì àti pretzel, ìpanu gbígbẹ oníyọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun yan: kò sí iná dídá, kò sí ìkòkò fífọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí mo máa ń ṣe bí ọwọ̀: màá gé string cheese, wàràkàṣì gígùn tó ṣeé ya bí okùn, kéékèèké, màá ya ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, màá wá ki pretzel onígi bọ orí rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, èmi gan-an máa ń jẹ níbẹ̀.

Àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sán, omi ara wàràkàṣì á ti mú pretzel rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ṣé kí n máa dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n lè tò ó fúnra ẹ̀. Àbúrò ò ní sùúrù yẹn rárá. Àbí kí n lo wàràkàṣì cheddar líle, tí kò lómi tó bẹ́ẹ̀? Iyọ̀ náà ń kọ mí lóminú, torí àti wàràkàṣì àti pretzel ló níyọ̀. Ṣé ẹ mọ èso tó lè bá a lọ, yàtọ̀ sí àjàrà tí mo máa ń là sí mẹ́rin kó má bàa há àbúrò lọ́fun?