«Ìlanu» kọ́ o, «ìyẹ̀» ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ lórí orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ àpáta. Mo fara mọ́ «ìpele àpáta» tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá fún àpáta tó tò léra wọn. «Ìlanu àpáta» tí wọ́n ní ká máa pe fault ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ògiri lè lanu kó má sì kúrò lójú kan. Ohun tí àwọn onímọ̀ àpáta ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: apá kan ti ṣí kúrò lára èkejì. Bí eegun bá kúrò ní oríkèé, ṣé a ń sọ pé ó lanu ni? A ní ó yẹ̀. «Ìyẹ̀ àpáta» ni tèmi. (Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o, ìyẹ́ ni ti ẹyẹ.)

Ẹ wo àwọn òkè Glarus ní Switzerland, lára àwọn òkè Alps. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ara òkè náà kọjá, ojú lásán ń rí i láti òkèèrè. Verrucano, àpáta tó wà lókè ìlà yẹn, ti tó nǹkan bí 250 sí 300 mílíọ̀nù ọdún. Flysch tó wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ àti iyanrìn inú òkun tó di òkúta, kò ju 35 sí 50 mílíọ̀nù lọ. Àgbà wá jókòó lé ọmọdé lórí! Èyí tó kọ́kọ́ balẹ̀ ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, nítorí náà nǹkan ló tì í débẹ̀. Ní Lochsite, nítòsí Schwanden, èèyàn lè fọwọ́ kan ojú ìyẹ̀ náà. Òkúta ẹfun pẹlẹbẹ ló wà láàárín àpáta méjèèjì, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ó ti lọ́ pọ̀ mọ́ra nítorí ohun tó wọ́ gba orí rẹ̀ kọjá.

Orúkọ tí a bá sọ ọ́ ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ àpáta ará Switzerland, Arnold Escher, àti Albert Heim lẹ́yìn rẹ̀, ní ìṣẹ́po ni, pé àpáta ṣẹ́ po láti ìhà méjì wá pàdé. Ní 1884, Marcel Bertrand, onímọ̀ àpáta ará Faransé, tí kò tíì débẹ̀ rí, tó kàn ka ohun tí Heim kọ, ní ẹyọ àpáta kan ló yẹ̀ tó sì wọ́ lọ síhà àríwá. Heim fúnra rẹ̀ pàpà gbà nígbẹ̀yìn. Ó kéré tán, 35 kìlómítà ni àpáta náà rìn, nígbà tí ilẹ̀ ìhà Áfíríkà ń ti Yúróòpù.

Fún irú ti Glarus yìí, «ìyẹ̀ agunlérí» ni mo ń rò. Ẹni tó bá ní èyí tó rọrùn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ kó mú un wá. Ẹ má sì da «ìlanu» nù o: àpáta tó sán tí kò ṣí kúrò ló ni ín.