Àbọ̀ lórí ìwé kékeré Màmá

Ẹ kú àdúrótì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo béèrè ẹni tó lè ka shorthand Pitman (àwọn àmì tí akọ̀wé fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kíákíá) tí Màmá wa, akọ̀wé àwọn dókítà ní UCH Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kọ sínú ìwé kékeré kan. A ti rí ìyá àgbà kan tó kà á. Orúkọ àìsàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí Màmá kọ sílẹ̀ kí àṣìṣe má baà wọ lẹ́tà aláìsàn kankan. Àmọ́ lójú ewé tó gbẹ̀yìn, oríkì ìyá tó bí Màmá ni, odidi rẹ̀! Ohùn ni shorthand ń kọ, ó sì gba Yorùbá. Mo sunkún. Ẹni ọdún 91 ni Màmá kí wọ́n tó sùn. Létí ibojì wọn la ti ka oríkì náà lánàá. Ẹ ṣeun gan-an, mo ti rí ìdáhùn gbà.