Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìrìn àjò sí Bretagne

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù Kẹsàn-án, èmi àti ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní 70 ọdún, fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth lọ sí Saint-Malo, kí a sì lo ọjọ́ 6 ní Bretagne, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé. Locronan ló wà lọ́kàn mi jù, abúlé olókùúta tí òwò aṣọ ìgbòkun sọ di ọlọ́rọ̀ láyé àtijọ́. Ahunṣọ ni ìyá mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ilé tí owó aṣọ híhun kọ́.

A kò ní wa ọkọ̀. Ǹjẹ́ a lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀ láti Quimper dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àbí kí a kúkú wọ̀ sí Locronan fúnra rẹ̀? Mo tún fẹ́ mú wọn dé Ploumanac'h, níbi tí àpáta pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti tò sétí òkun, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà tí àwọn aṣọ́bodè ń tọ̀ nígbà kan níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó tẹ́jú tó fún àgbàlagbà tó ń tẹ ọ̀pá?