Àbọ̀ ìrìn àjò wa: a pàgọ́ nínú òtútù, a sì ti dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀ kí n tó ti ọ̀rọ̀ yìí pa. Mo bi yín nígbà yẹn bóyá orí mi pé, tí mo fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta lọ pàgọ́ ní Peak District, agbègbè olókè kan ní England, nígbà ìsinmi ìparí oṣù Kẹwàá. A lọ o. Òru méjì, nítòsí Edale, abúlé kan níbẹ̀.

Ẹni tó sọ pé inú ilẹ̀ ni òtútù ti ń wá, òótọ́ lẹ sọ. Lálẹ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ nìkan la tẹ́, kò sẹ́ni tó fojú ba oorun. Lọ́jọ́ kejì mo ra ẹní fóòmù tẹ́ sábẹ́, mo rọ omi gbígbóná sínú rọ́bà, mo tì í síbi ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sùn fọnfọn.

Bàbá wọn fẹ́ gbé ìdáná eléèédú wọnú àgọ́. Mo yarí! Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde lára èédú tó ń jó, kì í rùn, èèyàn á kàn sùn kú ni. Ó bínú títí mo fi po Milo fún un.

Wọ́n dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ti máa ń ṣe níbí lọ́dọọdún, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló dùn sí. Mo ní, “Ààlọ́ o!” Wọ́n ní, “Ààlọ̀!” Ìjàpá dé Edale.

Ẹni tó bèèrè bóyá a máa tún pàgọ́ lóṣù Kejìlá: ilé onípákó tó ní hítà la máa gbà. Ẹ ṣeun gan-an.